Ta Ni Yóò Ṣọ́lé fún Wa?

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi nígbà tí mo wà ní Ṣágámù pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí màá dúró nínú òjò ní Manchester, tí màá máa pariwo nítorí họ́kì, ǹ bá ní kí ó lọ sùn. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi ni aṣọ́lé ẹgbẹ́ họ́kì àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa, ọkọ aṣọ́lé kò sì lè jókòó sílé kó máa wo tẹlifíṣọ̀n. Ilé ẹ̀kọ́ girama ní Ìjẹ̀bú ló ti kọ́ eré náà. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́bìnrin ṣọ́ọ̀ṣì dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n wá ẹni tí yóò di páàdì mọ́ ẹsẹ̀, tí yóò dé akoto, tí yóò dúró kí wọ́n máa fi igi gbá bọ́ọ̀lù sí i. Bọ́ọ̀lù náà kò tóbi ju ọsàn lọ, ṣùgbọ́n ó le bí òkúta. Gbogbo wọn ń wolẹ̀. Ìyàwó mi ló nawọ́ sókè. Ó ti lé ní ogójì ọdún nígbà náà, àwọn yòókù kò sì tíì pé ọgbọ̀n.

Àwa tí à ń lọ wò wọ́n kò ju mẹ́fà lọ, ṣùgbọ́n ariwo wa tó ti ọgọ́ta èèyàn. Olórí wa ni Bàbá Díákónì, ọmọ Abẹ́òkúta, tó ń wa bọ́ọ̀sì lójú Oxford Road. Tirẹ̀ ni àga tó ń ká pọ̀, tirẹ̀ sì ni fíláàsì tíì. Ẹnu èmi àti òun kì í kò lórí nǹkan kan, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an.

Ohun tó ń da orí gbogbo wa rú ni pé aya mi di ògiri lọ́jọ́ Thursday tí wọ́n bá ń ṣe ìgbáradì. Kò sí ohun tó lè kọjá lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá di Saturday, tí a bá pàdé àwọn ẹgbẹ́ òyìnbó, ilé wa á di ilé tí kò nílẹ̀kùn. A wá ìdí rẹ̀ títí. Ẹnìkan ní òtútù ni. Ẹnìkan ní àwọn ará ilé ló wà nídìí ẹ̀, pé ká gbààwẹ̀. Èmi ní àwọn adẹ̀yìnmú tó wà níwájú rẹ̀ ni kò mọṣẹ́. Bàbá Díákónì ní tirẹ̀, ọjọ́ orí ni.

"Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́," ló wí lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ Sunday kan, tí a kóra jọ sí yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. "Students kún Oxford Road. Àwọn kan nínú wọn ti gbá họ́kì dáadáa nílé. Ká lọ mú wọn báyìí tí wọ́n ṣì kéré, ká train wọn."

"Tí ẹ bá train wọn tán ńkọ́, Bàbá?" ni mo bi í. "One year, wọ́n á gba certificate, wọ́n á wọ flight padà sí Lagos. Ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀ láti A, B, D."

"Ṣé gbogbo ẹni tó gbin obì ló ń jẹ ẹ́ ni?"

"Bàbá, bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà."

"Àkísà kọ́ la fi ń mú bọ́ọ̀lù."

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Inú bí mi débi pé mo jẹ meat pie kan tí kì í ṣe tèmi. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kàn mí, mi ò sì fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Tí wọ́n bá ní kí n yàn láàárín ìyàwó mi àti ẹgbẹ́, màá yan ìyàwó mi, ẹgbẹ́ a sì máa bọ̀ lẹ́yìn.

Bàbá Díákónì kò fi mọ sẹ́nu. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó mú ọmọbìnrin kan wá sí pápá, ọmọ Ọ̀tà tó ń ka master's, tó ń gbé ní Pendleton. Aṣọ́lé ni ní yunifásítì tó lọ nílé. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tó rí ìyàwó mi, ó kúnlẹ̀ sínú koríko oníke tó tutù náà. "Ẹ káalẹ́ mà. Mo ti ń gbọ́ orúkọ yín." Ojú rẹ̀ tutù, ó rẹwà, ó níwà. Mo wá ohun tí màá kórìíra lára rẹ̀ títí, mi ò rí i.

Kóòṣì wa, ìyá òyìnbó kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, sọ fún àwọn méjèèjì pé Thursday tó ń bọ̀ ni òun yóò dán wọn wò, ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́n jù ni yóò ṣọ́lé fún wa títí sáà náà yóò fi parí. Ní alẹ́ Wednesday, bí ìyàwó mi ṣe ń ká aṣọ, ó ní, "Tí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ mi, kí ni màá máa ṣe ní Saturday?" Mo ní kó máa ká aṣọ, Ọlọ́run ń bẹ.

Lọ́jọ́ Thursday náà, ọmọ Ọ̀tà ló kọ́kọ́ dúró. Àwọn agbábọ́ọ̀lù tò, wọ́n sì ń gbá a bí ẹni pé ó jẹ wọ́n ní gbèsè. Ó mú púpọ̀, àwọn kan wọlé. Ìyàwó mi bọ́ sí ipò, wọ́n gbá a títí, ẹyọ kan kò wọlé. Ṣé ẹ rí mi? Mo fò, mo jó, mo yí Bàbá Díákónì àti àga rẹ̀ po. Mo ní kó wá wo àkísà bí ó ṣe ń mú bọ́ọ̀lù.

Kóòṣì kò jó ní tirẹ̀. Ó pe àwọn agbábọ́ọ̀lù, ó sì bi wọ́n pé kí ló gba agbára ọwọ́ wọn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, nọ́ọ̀sì ni ní ọsibítù, fi òyìnbó sọ fún un pé Mummy wa ni. Kóòṣì béèrè pé ìyá ta ni nínú wọn. Nọ́ọ̀sì ní ìyá gbogbo wa. Ìyá òyìnbó yìí yíjú sí mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, ó sì wò mí bí ọkùnrin tó ti ṣe iṣẹ́ ńlá láyé.

Èmi ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí ìyàwó mi bọ́ akoto rẹ̀. Mo rí ojú rẹ̀, ẹ̀rín sì kúrò lẹ́nu mi.

"Láti ìgbà wo?" ló bi wọ́n.

Ó rìn lọ bá wọn, akoto lọ́wọ́.

"Mo ní láti ìgbà wo lẹ ti ń rọra gbá a fún mi?"

"Mummy, ẹ má bínú mà," ni nọ́ọ̀sì wí, orúnkún rẹ̀ ti ń tẹ̀. "Ọwọ́ wa ò gbà á pé ká gbá bọ́ọ̀lù lu yín. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mà."

Ibẹ̀ ni gbogbo ìdí tí à ń wá ti yé mi. Àwọn òyìnbó Saturday kò mọ̀ pé ìyá ẹnikẹ́ni ni. Àwa kan ń fẹ̀sùn kan òtútù àti àwọn ará ilé lásán.

"Mo rò pé ojú mi ló ń kú ni," ni ìyàwó mi wí. "Ní gbogbo Saturday tí wọ́n bá nà wá, mo máa ń délé, mo máa ń wo ara mi nínú dígí, mo ní mo ti darúgbó. Àṣé ẹ̀yin lẹ ò jẹ́ kí n rí bọ́ọ̀lù tó le." Ó dé akoto rẹ̀ padà. "Ó yá, ẹ gbá a. Ẹni tó bá rọra gbá a fún mi lónìí, mi ò ní dá a lóhùn mọ́ tó bá kí mi ní ṣọ́ọ̀ṣì."

Nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ gbá a. Kí ìyàwó mi tó gbé ẹsẹ̀, ó ti wọlé. "Ẹ̀hẹ̀n!" ni ìyàwó mi kígbe. "Òmíràn!" Ó fi ẹsẹ̀ ta ìkejì dànù. Ẹ̀kẹta bà á ní apá, níbi tí páàdì kò dé.

"Sorry ma!"

"Má sorry mi! Gbá a!"

Wọ́n gbá a lóòótọ́. Àwọn kan wọlé. Àwọn mìíràn, ó fò sí wọn bí mi ò ṣe rí i kó fò rí. Mo ń gbàdúrà lábẹ́nu, kì í ṣe pé kó borí, kí ojú má ṣáà tì í. Bàbá Díákónì ti dìde lórí àga, ó ń pariwo "Mummy! Mummy!" ju èmi lọ. Síbẹ̀, bí mo ṣe fẹ́ràn ìyàwó mi tó, mo rí i pé ọmọ Ọ̀tà yẹn dára jù ú lọ. Òun náà rí i. Kí kóòṣì tó sọ̀rọ̀ ló ti ń mi orí.

Ọmọ náà ni wọ́n mú, ìyàwó mi sì di igbákejì rẹ̀. Ọmọ náà kò gbà. Ó tún kúnlẹ̀, tòun ti páàdì ẹsẹ̀. "Mummy, mi ò lè gba ipò yín. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ máa start, èmi á máa ṣe second."

"Dìde jàre," ni ìyàwó mi wí. "Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe mí nìwọ náà fẹ́ ṣe mí? Gbà á, kí o sì dì í mú gírígírí, torí mo ń bọ̀ wá gbà á lọ́wọ́ ẹ."

Bàbá Díákónì bu tíì fún ìyàwó mi, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Kò sọ pé òun ló jàre. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ọkàn mi.

Èmi àti ìyàwó mi wọ bọ́ọ̀sì tó gba Cheetham Hill Road lọ sílé. Inú mi bàjẹ́ nítorí rẹ̀, mo ń wá ọ̀rọ̀ ìtùnú tí màá sọ. Ó bọ́ jákẹ́ẹ̀tì, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Ibi tí bọ́ọ̀lù ti bà á ti wú, ó ti ń di àwọ̀ aró. Ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín, ó tún ń tẹ̀ ẹ́. Mo ní kó bo apá, pé àwọn èèyàn ń wò wá.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n wò ó," ló wí. "Òní ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kà mí sí aṣọ́lé."