Ọmọbìnrin Òkúta Tó Ń Yọ Ẹ̀gún

Mo ṣì kéré, n kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ, nígbà tí mo kọ́kọ́ rin inú tẹ́ńpìlì olókùúta kan láti ẹnu ọ̀nà títí dé ìdí òpó kẹta, láìjẹ́ pé mo kúrò ní Plumstead, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ọmọ. Ìka ọwọ́ mi ni mo fi rìn ín, lójú fọ́tò kan tó wà lára ògiri ilé aládùúgbò wa. Ọ̀rọ̀ fọ́tò náà àti ti ìyá tó ni ín ni mo fẹ́ sọ fún yín, nítorí ó ti pẹ́ jù nínú mi.

Ilé tí à ń gbé nígbà náà wà lára àwọn ilé tó so mọ́ ara wọn lọ gbọọrọ, kò jìnnà sí Plumstead High Street. Bàbá mi ń wa takisí, màmá mi sì ń tọ́jú ọ́fíìsì láàárín ìgboro Lọ́ńdọ̀nù. Kí ilẹ̀ tó mọ́, á ti wà ní téṣàn Woolwich Arsenal, ó sì máa ń tún padà lọ ní ọ̀sán. Nítorí náà, bí mo bá ti ilé ìwé dé, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà kan ní ilé kejì ni mo máa ń wà. Ará Íńdíà ni, Màmá Íńdíà sì ni a ń pè é. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́ pé kó gbà mí. Ó rí mi lẹ́nu ọ̀nà wa lọ́jọ́ òjò kan, ó ṣílẹ̀kùn, ó pè mí wọlé, ó di bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́.

Fọ́tò dúdú òun funfun ńlá kan wà lókè ibi tí iná gáàsì rẹ̀ máa ń jó. Tẹ́ńpìlì àtayébáyé tó wà nílùú rẹ̀ ni. Òkúta ni gbogbo rẹ̀, wọ́n sì gbẹ́ ọnà sí i débi pé kò sí ibi tó ṣófo tí ojú èèyàn lè sinmi lé. Òyìnbó rẹ̀ kò pọ̀, tèmi nìkan ló pọ̀, àmọ́ a gbọ́ ara wa yé. Á di ìka mi mú, á gbé e sí ẹnu ọ̀nà tẹ́ńpìlì náà nínú fọ́tò, a ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bọ́ bàtà. Mo gbọ́dọ̀ lu agogo tó rọ̀ sókè. Lẹ́yìn náà ni àtẹ̀gùn mẹ́sàn-án, lẹ́yìn náà ni àwọn erin òkúta tó tò lẹ́sẹẹsẹ, lẹ́yìn náà ni gbọ̀ngàn olópòó púpọ̀. Bí mo bá gbàgbé bàtà tàbí agogo, kò ní bá mi jà o. Á kàn dá ìka mi padà sí ẹnu ọ̀nà, a ó tún bẹ̀rẹ̀.

Ní òpó kẹta lápá òsì ni ọmọbìnrin kan wà. Òkúta lòun náà. Ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó tẹ̀ ba, ó ń fi ọwọ́ yọ ẹ̀gún kúrò ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Nítorí pé ó tẹ̀ ba, ojú rẹ̀ kò hàn. Mo bi Màmá Íńdíà pé ìgbà wo ni ẹ̀gún náà máa yọ, ó ní, “Á yọ. Ó kù díẹ̀.” Èsì tó máa ń fún mi lójoojúmọ́ nìyẹn, bí ẹni pé ọmọ náà wà ní yàrá kejì tó ń ṣe é lọ́wọ́. Mo fẹ́ràn ọmọ òkúta yẹn, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà mí. Bí mo bá dìjú lórí ibùsùn, ẹsẹ̀ tó gbé sókè yẹn ni mo máa ń rí.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, iṣẹ́ há màmá mi mọ́ ìta, Màmá Íńdíà sì mú mi dání lọ sí tẹ́ńpìlì tiwọn ládùúgbò. Ó dùn mí díẹ̀, kí n má purọ́. Mo ti ń retí erin. Ilé lásán ni mo bá, tí wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sí. Àmọ́ bí mo ṣe wọlé, ó dà bí ẹni pé ilé wa ni mo dé. Ìjọ aláṣọ funfun ni àwọn òbí mi ń lọ, ẹ sì mọ̀ wá: a kì í wọ bàtà wọlé Olúwa, a máa ń forí kanlẹ̀, a ń tan àbẹ́là, a ń sun tùràrí, a ń to èso síwájú pẹpẹ. Gbogbo rẹ̀ ni mo bá níbẹ̀. Ni mo bá bọ́ bàtà, mo forí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, nígbà tí agogo sì dún, mo pariwo “Halelúyà!” pẹ̀lú gbogbo ohùn mi. Àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ yíjú wò mí. Màmá Íńdíà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n pín èso iwájú pẹpẹ, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan sì kàn mí. Ibí ni kí ẹ ti fetí sílẹ̀ dáadáa. Nínú ìjọ tiwa, èso tó bá ti jókòó síwájú pẹpẹ kì í ṣe ohun tí ọmọdé ń bó jẹ lójú ọ̀nà. Wọ́n máa ń gbé e lọ fún aláìsàn àti aláboyún. Oyún oṣù mẹ́rin sì wà nínú màmá mi. Mo gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà wálé tìfẹ́tìfẹ́, mo gbé e sí igun yàrá tí màmá mi ti máa ń gbàdúrà, láàárín àbẹ́là àti ìgò omi àdúrà.

Màmá mi dé, ó rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu. Ó kúnlẹ̀, ó gbàdúrà, ó rí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó dúpẹ́, ó bó o, ó jẹ ẹ́ tán. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá, mo ń wò ó, inú mi ń dùn. Ìgbà tó jẹ ẹ́ tán ló wá béèrè.

“Ta ló gbé banana yìí wá láti church?”

“Èmi ni, Mummy. Temple Màmá Íńdíà la ti gbà á.”

“Temple báwo? Oúnjẹ òrìṣà lo gbé fún mi jẹ? With this pregnancy? Ṣé o fẹ́ pa mí ni?”

Ó sáré lọ sí ibi tí a ti ń fọ abọ́, ó ki ìka bọ ọ̀fun, ó ń bì. N kò mọ ohun tí mo ṣe. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, oyún náà wálẹ̀.

Ọmọkùnrin ni. Mo gbọ́ nígbà tí bàbá mi ń sọ ọ́ lórí fóònù. Ní ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀lé e, wòlíì obìnrin kan nínú ìjọ wa ní wọ́n fi èso han òun lọ́wọ́ àjèjì. N kò mọ̀ bóyá ẹnìkan ti sọ ìtàn náà fún un kó tó rí ìran, ọmọdé kì í sì í béèrè irú ìyẹn nígbà náà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé gbogbo wọn wò mí, mo sì wo ilẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Màmá Íńdíà kan ilẹ̀kùn wa. Ó gbé abọ́ oúnjẹ kan tó fi aṣọ bò dání. Ó ti bọ́ sálúbàtà rẹ̀ sílẹ̀ níta lórí sìmẹ́ńtì, bó ṣe máa ń ṣe nígbàkúùgbà tó bá wá sílé wa, otútù sì ń mú gan-an lọ́jọ́ náà. Màmá mi kò sọ̀ kalẹ̀. Láti orí ibùsùn ló ti rán mi.

“Go and tell her. Sọ fún un pé òun ló pa ọmọ mi. Mi ò fẹ́ nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ̀.”

Mo jẹ́ iṣẹ́ náà. Mo sọ ọ́ ní òyìnbó tó já gaara, èyí tó lè yé e, n kò sì yọ nǹkan kan kúrò níbẹ̀. Mo tún fi tèmi kún un, mo ní kó má pè mí mọ́. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ tó ṣubú, ó gbé abọ́ náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó yí padà, ó ń lọ. Ó gbàgbé sálúbàtà rẹ̀. Mo dúró síbẹ̀, mo ń wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bó ṣe ń gbé e sókè, tó ń gbé e sílẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù yẹn títí ó fi wọlé. N kò pè é padà. Ní ìrọ̀lẹ́, màmá mi fi ìgbálẹ̀ gbá sálúbàtà méjèèjì sínú àpò ìdọ̀tí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan fún yín nípa ògiri ilé yẹn. Ó fẹ́lẹ́. Ní aago mẹ́fà àárọ̀, Màmá Íńdíà máa ń lu agogo kékeré kan níwájú ibi tó ti ń gbàdúrà, òun ló sì máa ń jí mi kí gbogbo èyí tó ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn, ó ṣì ń lù ú. Kó tó di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wá kó o lọ sí ìlú mìíràn, wọ́n sì kan pátákó pé wọ́n ń ta ilé náà mọ́ iwájú rẹ̀. Mo yọjú lójú fèrèsé, kò sí kọ́tìnnì, kò sí àga, kò sí fọ́tò. Ní aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ kejì, agogo dún.

N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ń dún lójoojúmọ́. Nígbà mìíràn, lẹ́yìn agogo, mo máa ń gbọ́ ẹsẹ̀ lásán lórí àtẹ̀gùn wa, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí ilẹ̀ ń tutù lẹ́sẹ̀. Nígbà tí a kó lọ sí Thamesmead, tí ògiri jẹ́ kọnkéré tó nípọn bí apá, mo rò pé ó parí. Agogo náà bá wa kó lọ. Màmá mi kò tún lóyún mọ́. Lọ́dọọdún ni mo máa ń ṣírò iye ọdún tí àbúrò mi ìbá ti jẹ́, tí mo sì máa ń sọ fún ara mi pé ọwọ́ mi yìí ló gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wálé. Ẹ̀rù ara mi ni mo fi dàgbà.

Nígbà tí màmá mi darúgbó, tí àìsàn dá a dúró sílé, èmi ni mo ń tọ́jú rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan mo ń bá a gé èékánná ẹsẹ̀, ó kàn sọ ọ́ lójijì.

“Kì í ṣe banana yẹn.”

“Banana wo, Mummy?”

“Ẹ̀jẹ̀ ti ń wá láti Thursday. Dókítà ní kí n lọ sùn, mo lọ síṣẹ́. Daddy ẹ ti bẹ̀ mí títí kí n fi job yẹn sílẹ̀. How would I tell him?”

Mo ń gé èékánná lọ. Inú bí mi, àánú rẹ̀ sì ń ṣe mí lẹ́ẹ̀kan náà, n kò mọ èyí tí ǹ bá kọ́kọ́ fi hàn án. Ọjọ́ Sátidé ni mo gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá. Ó ti mọ̀ kó tó jẹ ẹ́. Ó ju ọgbọ̀n ọdún lọ tó fi jẹ́ kí n gbé e rù.

Mo wá Màmá Íńdíà kiri. Obìnrin kan ní tẹ́ńpìlì wọn ló sọ fún mi pé kò lò ju ọdún kan lọ lẹ́yìn tó kó kúrò tó fi kú, kò sì padà rí ìlú rẹ̀ mọ́. Nígbà tí a sin màmá mi tán, mo ra sálúbàtà tuntun kan ní Plumstead High Street, ìwọ̀n ẹsẹ̀ kékeré, mo wọkọ̀ òfurufú lọ sí Íńdíà. Orúkọ ìlú náà wà lábẹ́ fọ́tò yẹn, n kò gbàgbé rẹ̀ rí.

Tẹ́ńpìlì náà tóbi ju bí ìka mi ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Ilé òkúta lẹ́yìn ilé òkúta, àgbàlá lẹ́yìn àgbàlá, àwọn oníjó, àwọn ẹlẹ́ṣin, àwọn ẹyẹ, gbogbo wọn ni wọ́n gbẹ́ sára òkúta tó pọ́n bíi tíì tí a bu wàrà sí, oòrùn sì ń mú wọn. Ẹ̀rù bà mí, nítorí mo mọ ọ̀nà. Mo bọ́ bàtà, mo ti fẹ́ gun àtẹ̀gùn kí n tó rántí agogo. Mo yí padà fúnra mi, mo lọ bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Mo lu agogo náà. Mo gun mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, mo kọjá lára àwọn erin, mo yà sápá òsì.

Ó wà níbẹ̀. Kò ga dé ìbàdí mi. Mo lóṣòó kí n lè rí ojú tí n kò rí rí, kò sí ojú. Ọwọ́ àwọn tó ń fọwọ́ kàn án láti ọjọ́ tó ti pẹ́ ti pa á rẹ́. Mo wá fi ìka mi wá ẹ̀gún náà ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ìka kan náà tí Màmá Íńdíà fi kọ́ mi. Òkúta ibẹ̀ ń dán, ó sì tutù. N kò rí ẹ̀gún kankan níbẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ má bínú,” ẹkún sì gbà mí. Nígbà tí mo ń jáde, mo gbé sálúbàtà tuntun náà sáàárín bàtà àwọn èèyàn lẹ́nu ọ̀nà, mo sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Ayé ti yàtọ̀ báyìí. Woolwich tiyín ti di ilé gogoro, ògiri wọn nípọn, ẹ kì í gbọ́ àdúrà ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ọ̀pọ̀ yín kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Àmọ́ ẹ lè bi àwọn òbí yín ní ìdí tí wọ́n fi ń rán yín níṣẹ́ kan kí ẹ tó lọ jẹ́ ẹ. Àwa kò lè béèrè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa béèrè, pàápàá bó bá jẹ́ pé àgbàlagbà tó bọ́ bàtà ló dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Láti ìgbà tí mo ti Íńdíà dé, agogo náà kò dún mọ́. Mo ṣì ń jí ní aago mẹ́fà, mo ń jókòó létí ibùsùn, mo ń retí rẹ̀.