Àwòdì Àlejò àti Òròmọdìẹ Ìyá Mi

Ẹni tí kò bá mọ̀ pé ìwé lè sọ ènìyàn di òpè, kó wá gbé ẹsítéètì wa ní Lokogoma, ní olú-ìlú ìjọba àpapọ̀. Ọ̀gá iléeṣẹ́ ìjọba ló kún ibẹ̀, Yorùbá sì pọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n tí o bá kí wọn pé ẹ káàárọ̀, "Mọ́nìn" ni wọn yóò fi dá ọ lóhùn, gíláàsì ọkọ̀ wọn á sì ti gòkè tán.

Ibẹ̀ ni mo mú ìyá mi wá láti Èkìtì ní ọdún 2016, lẹ́yìn tí bàbá mi kú. Mi ò fẹ́ kó dá gbé, mo sì ti fi sọ́kàn pé kò ní padà mọ́. Ní àràárọ̀, yóò jókòó síwájú ilé, yóò máa kí gbogbo ẹni tó bá ń kọjá. Kò sẹ́ni tó ń dúró. Mọ́gáádì ẹnu géètì nìkan ló máa ń fi Háúsá kí i pé, "Sànnu, Mama," òun náà á ní, "Yauwa." Ọ̀rọ̀ tó ń bá ènìyàn sọ kò ju ìyẹn lọ títí n ó fi ti ibi iṣẹ́ dé. Nígbà tí mo rí i pé àárò ilé ń sọ ọ́, mo ra àgbébọ̀ adìẹ kan fún un ní Karu. Àgbébọ̀ náà yé, ó sàba, ó pamọ. Ara ìyá mi wá yá. Ó ń bá àwọn òròmọdìẹ náà sọ̀rọ̀, ó ń bá wọn jà, kò dárúkọ Èkìtì mọ́.

Nígbà tí ọyẹ́ ń fẹ́, ẹyẹ kan dé. Ó jọ àwòdì, àfi pé orí rẹ̀ funfun bí ẹni da ògì lé e. Aládùúgbò wa kan tó ka ìwé nípa ẹyẹ kéde lórí gúrúùpù fóònù pé ẹyẹ ọ̀wọ́n ni, pé láti Yúróòpù ló ti fò wá, pé ó ti la aṣálẹ̀ kọjá. Alága ẹsítéètì ní oríire ńlá ni. Ẹlòmíràn kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Ẹ káàbọ̀ o, àlejò pàtàkì." Sí ẹyẹ o! Ìyá mi ti lo oṣù mélòó kan níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò kí i káàbọ̀.

Kò pẹ́ tí àlejò pàtàkì fi gbé òròmọdìẹ méjì. Ìyá mi sọ ọ́ lókò. Alága pè mí, ó ní kí n kìlọ̀ fún un, pé gbogbo ayé ló ń dáàbò bo irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀.

"Àwòdì ni," ni ìyá mi wí. "Bó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀run ló ti wá, adìẹ náà ló ń jẹ."

Ó kó àwọn tó kù sábẹ́ agbọ̀n, ó gbé òkúta lé e. Ẹyẹ náà kò bà sílẹ̀ mọ́, ó kàn ń rà bàbà lókè réré.

Ní ọjọ́ Sátidé, alága kó àwọn olólùfẹ́ ẹyẹ wá láti Jahi, kámẹ́rà wọn gùn bí ọmọ odó. Àwọn àgbà ní àwòdì òkè kò mọ̀ pé ará ilẹ̀ ń wo òun. Tiwa mọ̀ dáadáa, kò sì dá wọn lóhùn. Wọ́n wòkè títí ọrùn fi ń ro wọ́n. Ìgbà náà ni mo rí ohun tí mi ò rí rí. Alága wọ àgbàlá mi, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyá mi lórí erùpẹ̀, àwọn yòókù sì tẹ̀lé e. Wọ́n bi í bó ṣe jí, wọ́n bi í léèrè ìlú rẹ̀. Alága tilẹ̀ kí i kú àṣẹ̀yìndè bàbá mi. Ojú ìyá mi ń dán. Ó ní kí n tètè gbé omi wá fún àlejò.

Alága wá ní, "Mọ́mì, please ma, ẹ bá wa ṣí agbọ̀n yẹn, just small, kí ẹyẹ yẹn lè sọ̀ kalẹ̀."

Mo ti la ẹnu láti lé wọn jáde, ìyá mi fọwọ́ dá mi dúró. Ní tiwa, ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀ fún àgbà kì í padà lọ́wọ́ òfo. Ó gbé òkúta kúrò, ó ṣí agbọ̀n, ó sì dúró ti àwọn òròmọdìẹ rẹ̀.

Ẹyẹ náà já wá, ó gbé ọ̀kan, ó lọ. Kámẹ́rà ń dún, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń bọ ara wọn lọ́wọ́ bí ẹni tó rí ìgbéga gbà. Àgbébọ̀ ń ké kiri láàárín ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n gba ẹnu ọ̀nà jáde, wọ́n ń fi àwòrán han ara wọn, kò sí ẹyọ ẹnìkan tó sọ pé ẹ pẹ̀lẹ́. Mo bú wọn. Mo bú wọn dé ìdí ìwé tí wọ́n kà. Wọn ò tilẹ̀ gbọ́.

Nígbà tí mo wọlé, ìyá mi ń di ẹrù. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́.

"Màámi, ṣé nítorí òròmọdìẹ kan lẹ ṣe fẹ́ lọ? N ó ra òmíràn fún yín."

Ó mi orí. "Kì í ṣe ti adìẹ. Nígbà tí wọ́n dọ̀bálẹ̀ yẹn, mo rò pé èmi ni wọ́n wá kí."