Oògùn Tí Kò Ní Pẹpẹ

Bí mo bá tú páálí oògùn tuntun l'Ákùrẹ́ níbí, òórùn rẹ̀ a gbé mi padà sí ṣọ́ọ̀bù àǹtí mi l'Óǹdó. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí mo ṣì kéré, mò ń bá wọn to oògùn: ti ibà lókè, ti ìtọ̀ tó ń ta ènìyàn nísàlẹ̀, ti nǹkan oṣù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo rí páálí kékeré kan tí wọ́n ti lò dé ìdajì.

"Àǹtí, pẹpẹ wo ni tèyí?"

"Kò ní pẹpẹ. Gbé e wá."

Wọ́n fi í sínú dúrọ́ọ̀, sórí ìbọ̀sẹ̀ pupa kékeré méjì.

"Ta ló ni ìbọ̀sẹ̀?"

"Ẹni náà ń bọ̀."

Ilé ìwé tí wọ́n ti kọ́ wa bí a ṣe ń pín oògùn ni mo ti wá mọ̀ pé oògùn àtilóyún ni. Lọ́jọ́ náà ṣá, ẹnu ọ̀nà ni mo jókòó sí títí wọ́n fi ti ṣọ́ọ̀bù, mò ń wo ọ̀nà fún ẹni tó ń bọ̀.