Pupa Lọ́tùn-ún, Dúdú Lósì

Abẹ́rẹ́ ni àwọn ará àdúgbò fi ń mọ bí inú Ìyá Aránṣọ ṣe rí. Bí inú rẹ̀ bá dùn, ara tìmùtìmù kékeré tó so mọ́ ọrùn ọwọ́ ni abẹ́rẹ́ máa ń wà. Bí inú bá ń bí i, á kó wọn sáàárín ètè, nítorí ó ti bá Ọlọ́run rẹ̀ dá májẹ̀mú pé òun ò ní fi ẹnu òun tú ilé òun ká, ẹnu tó bá sì di abẹ́rẹ́ mú kò ṣeé fi bú èèyàn. Àwọn oníbàárà mọ̀. Ẹni tó bá wọlé tó rí abẹ́rẹ́ lẹ́nu rẹ̀ bí irunmú ológbò, á ní òun kàn ń kọjá lọ ni.

Yàrá iwájú ni ìsọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yìn kọ́tìnì ni pálọ̀ wà, ibẹ̀ sì ni Baba Wáyà, ọkọ rẹ̀, ń gbé ọjọ́ ayé rẹ̀. Ọkùnrin náà ti fẹ̀yìn tì nílé iṣẹ́ tẹlifóònù, ṣùgbọ́n wáyà ò tíì fẹ̀yìn tì lára rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú, ẹ̀rọ orin àtijọ́ ló fi sílẹ̀ fún un: èyí tó ń yí àwo, ańpìlífáyà tó ń gbé ohùn sókè, àti sípíkà méjì tó ga tó ewúrẹ́ tó dìde dúró. Kò sí èyí tí ẹnu rẹ̀ bá ti èkejì mu. Ihò ti ọ̀kan rí roboto, ti òmíràn rí bí ìdodo ọmọ tuntun, òmíràn sì nílò wáyà tí wọn ò ṣe mọ́. Baba Wáyà wá ń jókòó sáàárín wọn láàárọ̀ bí adìyẹ tó sàba, á máa fi òwú àti sípíríìtì nu orí wáyà, á fẹ́ atẹ́gùn sí i, á tún nu ún.

Ìyá Aránṣọ á máa yọjú wò ó látẹ̀yìn kọ́tìnì. Aṣọ tuntun tó wọ̀ lọ sí ìsìn, ọkọ rẹ̀ ò rí i. Irun tó ṣe, kò rí i. Àmọ́ ó rí eruku tó wọ ihò tí ò tó ìdí abẹ́rẹ́. Kí èèyàn máa jowú obìnrin ẹgbẹ́ ẹni, ìyẹn ṣeé gbé lọ sí ìpàdé àdúrà. Kí èèyàn máa jowú ẹ̀rọ, ta ló fẹ́ sọ ọ́ fún?

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ọ̀rọ̀ náà wá burú. Ó ń rán síìpù mọ́ síkẹ́ẹ̀tì obìnrin oníkẹ́mísìtì orígun, ló bá gbọ́ tí ọkọ rẹ̀ ń bá Gíga sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gun òpó tẹlifóònù láyé àtijọ́. Ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ti ẹni tó ń gbé ọmọ sùn.

"Pupa dára," ló ń wí. "Ó ti dàgbà lóòótọ́, àmọ́ ṣe ló ń dán. Dúdú ni ìṣòro mi."

Ìyá Aránṣọ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń fẹ́ra sọ́nà ni ọkọ rẹ̀ ti ń pè é ní Dúdú. Kò sẹ́lòmíì láyé tó ń pè é bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ ló dé tí Dúdú fi di Ìyá, àwọn ọmọ sì ti lọ sílé tiwọn, Dúdú ò padà wá. Ó wá gbọ́ orúkọ rẹ̀ báyìí, etí ẹlòmíì ni wọ́n ń dà á sí.

"Ó ń kùn ni," ni ọkọ rẹ̀ ń bá a lọ. "Mo rọra fọwọ́ rà á, kò gbọ́. Mo yí i síbí, mo yí i sọ́hùn-ún, ó ṣì ń kùn." Ó gbọ́ ohun tí Gíga wí, ó mí kanlẹ̀. "Èmi náà ti rò ó bẹ́ẹ̀. Bóyá kí n kúkú yọ ọ́ kúrò, kí n wá òmíràn. Àmọ́ ó ti pẹ́ nílé, àánú rẹ̀ ń ṣe mí."

Àánú! Gbogbo abẹ́rẹ́ tó wà lára tìmùtìmù ló wọ ètè. Kí wọ́n lé obìnrin, ó burú. Kí wọ́n fi àánú fi í sílé bí àga tó kán lẹ́sẹ̀, ìyẹn burú jùyẹn lọ.

Ta wá ni Pupa? Ó wo síkẹ́ẹ̀tì ọwọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ sì yé e. Oníkẹ́mísìtì pupa bí ìbẹ́pẹ tó pọ́n, ó ti dàgbà lóòótọ́, ó sì ń dán. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Baba Wáyà ti ń ra òwú àti sípíríìtì. Òwú kí ló pọ̀ tó yẹn? Ṣé ó ń bímọ ni? Ìyá Aránṣọ bẹ Ọlọ́run kó dárí jì í ṣáájú, ó fi ìka méjì dín ìbàdí síkẹ́ẹ̀tì náà kù, ó sì rán an le.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin tó wá kí i gbọ́ ẹjọ́ náà tán, ó ní kó kúkú bi ọkọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tún fi kún un pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ká sòótọ́, ẹ̀yin náà máa ń kùn o." Ìyá Aránṣọ sọ fún un pé ilẹ̀ ti ń ṣú, bẹ́ẹ̀ oòrùn ṣì wà lókè. Wọ́n ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Nígbà tí àbúrò lọ tán, ó fi tépù wọn ara rẹ̀, ó rí i pé ẹran ṣì wà níbẹ̀ dáadáa, inú rẹ̀ ò sì tìtorí ìyẹn dùn.

Nígbà tó yá, oníkẹ́mísìtì wá wọ síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wò. Ó fa síìpù, síìpù kọ̀. Ó fa ikùn sínú, síìpù tún kọ̀. Ó ṣì ń mí gúlegúle nígbà tí ohùn Baba Wáyà dún láti pálọ̀ pé, "Níbo ni mo tiẹ̀ gbé Pupa sí?"

"Ṣé èmi ni wọ́n ń pè?" ni oníkẹ́mísìtì bi í.

Ìyá Aránṣọ tu abẹ́rẹ́ sí àtẹ́lẹwọ́. Ó ká kọ́tìnì sókè, ó wọlé.

"Pupa ń bẹ nísọ̀ mi, ó ń wọ síkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́," ló wí fún ọkọ rẹ̀. "Ṣé kí n ní kó wọlé, kí Dúdú máa di ẹrù rẹ̀?"

Baba Wáyà wò ó bí ẹni tí wọ́n fi èdè mìíràn bá sọ̀rọ̀. Ó wá na ọwọ́ sábẹ́ ìtìsẹ̀, ó fa wáyà kan jáde. Orí méjì ni wáyà náà ní, ọ̀kan pupa, ọ̀kan dúdú. "Pupa rèé," ló wí. "Ọ̀tún ló ń wọ̀. Dúdú ń wọ òsì. Èwo ni ti ẹrù?"

Ojú ti Ìyá Aránṣọ débi pé ó fẹ́ wọlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtìjú dé, owú ò jáde. Ńṣe ni owú sún fún ìtìjú, àwọn méjèèjì jọ jókòó sí i láyà.

"Orúkọ mi lẹ fún wáyà," ló wí.

Baba Wáyà ki Pupa bọ ọ̀tún, ó ki Dúdú bọ òsì, ó tan ẹ̀rọ. Sípíkà méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn: hùùùù. Ó fi ọwọ́ hàn án bí ẹni pé ẹlẹ́rìí òun nìyẹn.

Ìyá Aránṣọ sún mọ́ ọn, ó fẹsẹ̀ kọ páálí. Ó fi ọwọ́ kan gbára lé irin ẹ̀rọ tó ń yí àwo, ó fi ìkejì di etí ańpìlífáyà mú, kó má baà ṣubú. Kíkùn náà dákẹ́ lójijì.

Ọkọ rẹ̀ fò dìde. Ó ní kó gbọ́wọ́ kúrò. Ìyàwó rẹ̀ gbé e, hùùùù. Ó ní kó gbé e padà, ilé parọ́rọ́.

"Kì í ṣe Dúdú ló ń kùn," ni Baba Wáyà wí jẹ́jẹ́. "Wáyà ilẹ̀ ni kò sí." Ó ṣàlàyé pé okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló yẹ kó so irin èyí mọ́ irin tọ̀hún, pé ó ti já bọ́ síbì kan, ara ìyàwó òun ló sì ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ báyìí. Ó ní kò lè ṣe é ní nǹkan kan.

Ó gbé àwo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lé e. Orin jáde, ó mọ́, ó tutù, bí ẹni pé olórin wà lórí àga. Baba Wáyà kúnlẹ̀, ó ń wá wáyà náà lábẹ́ àga àti nínú páálí.

"Má gbọ́wọ́ kúrò níbẹ̀ o, Dúdú," ló wí láìgbójú sókè.

Ìyá Aránṣọ ò bi í pé Dúdú wo. Oníkẹ́mísìtì pè láti ìsọ̀ pé ṣé òun ló sanra ni. Ó dá a lóhùn pé rárá o, kó bọ́ síkẹ́ẹ̀tì náà sílẹ̀, òun máa tú ìbàdí rẹ̀.

Ó wolẹ̀. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, aláwọ̀ ewé, bí òwú ìránṣọ, ká jọ sẹ́bàá ẹsẹ̀ tábìlì. Ó wo ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀ tó ń tú páálí. Ó rọra fi sálúbàtà tẹ wáyà náà mọ́lẹ̀, ó sì bẹ Ọlọ́run kí àwo náà gùn.