Ìdọ̀bálẹ̀ Àárín Ìràwọ̀ Méjì

Inú ṣì máa ń bí mi tí mo bá rántí ọ̀sán Sátidé yẹn ní Yábàá.

Ọkùnrin tí mo fẹ́ fẹ́ ti wà lókè òkun. Ó fi òrùka sí mi lọ́wọ́ kó tó lọ, ó ní òun á padà wá dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi. Ọdún yípo, a ò rí i. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ń gbé ní Múṣin, ibẹ̀ ò jìnnà rárá sí ilé wa ní Súrùlérè, kò rán ìyẹn náà sí wa.

Ìgbà yẹn ni àwọn ilé kọ̀ǹpútà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ní Yábàá. Èèyàn á jókòó, á tẹ ọ̀rọ̀ sí ẹni tó wà lókè òkun, ìyẹn náà á fèsì lójú ẹsẹ̀. Ohun tí a bá fẹ́ fi ara ṣe, àárín ìràwọ̀ kékeré méjì la máa ń tẹ̀ ẹ́ sí. Àfẹ́sọ́nà mi á tẹ *dì mọ́ ẹ*, èmi náà á tẹ *rẹ́rìn-ín*. Ó dùn mọ́ mi nígbà náà, n ò ní purọ́. Àfi bó ṣe ní kí n mú bàbá mi wá, pé òun máa dọ̀bálẹ̀ fún wọn lójú kọ̀ǹpútà níbẹ̀.

Bàbá mi, tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè ní Ìdó, wọ agbádá wá. Agbádá, nínú ooru yẹn! Wọ́n ní bùbá nìkan kọ́ lèèyàn fi ń gba àna.

Ọ̀rọ̀ yọ lójú kọ̀ǹpútà: *dọ̀bálẹ̀ gbalaja* Ẹ káàsán, sà.

Mo kà á fún wọn. Wọn ò ní kó dìde. Lọ́dọ̀ wa, àwọn ará ilé ìyàwó kì í yára ní kí ọkọ dìde. Ilẹ̀ ló máa wà títí inú wọn á fi yọ́.

“Bàbá, kí n ní kó dìde?”

“Dúró ná. Ṣé àyà rẹ̀ kanlẹ̀?”

Mo rẹ́rìn-ín. Wọn ò rẹ́rìn-ín. A dúró díẹ̀, ni ọ̀rọ̀ mìíràn bá tún yọ: *mu bíà* Olólùfẹ́, ṣé bàbá ti lọ ni?

Ẹnu mi ti kà á síta kí n tó mọ̀. Bàbá mi yíjú sí mi.

“Ta ló ní kó dìde?”

Mo tẹ̀ ẹ́ sí i bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ó fèsì pé: Háà, ṣèbí eré ni. Ṣé kí n wá sùn sílẹ̀ nínú òtútù yìí ni?

Inú bí mi. Kì í ṣe tìtorí ọtí. Ìka lásán ló fẹ́ fi gbé mi níyàwó, ìka ọ̀hún náà kò lè sinmi díẹ̀ nítorí bàbá mi. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Eléyìí ò tiẹ̀ fọwọ́ kan àáké! Bàbá mi ń làágùn nínú agbádá, òun ń mu bíà.

Mo bọ́ òrùka náà, mo fi lé bàbá mi lọ́wọ́. Ẹ̀yìn ìgbà tí mo bọ́ ọ tán ni mo tó tẹ̀ ẹ́: *bọ́ òrùka*.

Ó dáhùn: *sunkún*.

“Kí ló wí?”

“Ó ní òun ń sunkún, sà.”

Bàbá mi dìde, wọ́n ká agbádá wọn lé èjìká.

“Ṣé ó ti mu bíà yẹn tán?”