Ọkọ Mi Tó Gba Oúnjẹ Lẹ́nu Imí-Eṣú

Ó dìgbà o, Àkàndé ọkọ mi! Ilẹ̀ Òkúkù la ẹnu, ó gba àgbà tó mọ ohun tí ilẹ̀ ń jẹ.

Àwọn ọmọ yín ní kí n kọ ọ́ pé ẹ jẹ́ ọkọ rere, bàbá àtàtà, igi lẹ́yìn ọgbà. Mo ti kọ ọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo òkú tí mo ti ka ìwé ìsìnkú wọn ló jẹ́ igi lẹ́yìn ọgbà, n kò sì tíì rí ẹni tó fi imí-eṣú fẹ́ ìyàwó nínú wọn. Ẹ̀yin nìkan ni. Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ti koríko ni n ó sọ.

Kí ẹni tí kò mọ̀ yín láyé ọjọ́un, kí a tó gba òmìnira, mọ̀ pé òṣìṣẹ́ àgíríkì ni yín, ọmọ Òkúkù tí wọ́n fi sí Ìkìrun láti máa tọ́jú pápá ìjẹko màlúù lórí òkè. Ṣòkòtò kákì kúkúrú, ìbọ̀sẹ̀ dé orúnkún, pẹ́ńsùlù létí. Bí ẹ bá ń gun kẹ̀kẹ́ lọ tí ẹ rí ewé tí ẹ kò mọ̀, ẹ ó sọ̀kalẹ̀, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ wò ó. Lọ́jọ́ tí ẹ kọ́kọ́ rí mi ní Inísà, ewé tí mo jókòó tì lẹ kọ́kọ́ kí. N kò gbàgbé.

Nígbà tí ẹ wá tọrọ mi, bàbá mi bèèrè iṣẹ́ yín. Ẹ ní ẹ ń fún koríko lóúnjẹ. Bàbá mi wo àwọn àbúrò wọn, àwọn yẹn wolẹ̀.

“Ọmọ mi,” ni wọ́n wí, “àwa níbí, pípa là ń pa koríko. Ẹni tó ń bọ́ koríko, ìgbà wo ni yóò ráyè bọ́ ìyàwó?”

Wọ́n wá fa abo màlúù wọn kan tó rù kan egungun lé yín lọ́wọ́. Bí ó bá sanra kí ọyẹ́ tó dé, ẹ ó mú mi lọ. Bí kò bá sanra, kí ẹ kúkú máa fẹ́ koríko yín lọ. Ẹ̀rù bà mí gan-an, nítorí ọkàn mi ti wà lọ́dọ̀ yín, mo sì mọ màlúù náà dáadáa.

Ẹ da ajílẹ̀ òyìnbó tí rélùwéè gbé dé sórí pápá. Òjò rọ̀. Nígbà tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gòkè wá wò ó, mo hó ìhó ayọ̀: gbogbo òkè tutù yọ̀yọ̀, ewé ga dé ìbàdí, òdòdó bo gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yin nìkan lẹ dúró bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Imí-eṣú ni! Koríko tí màlúù ń jẹ ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ nísàlẹ̀. Imí-eṣú ti gba gbogbo ajílẹ̀ náà jẹ, ó wá ń rùn sí wa bí òbúkọ. Màlúù bàbá mi fi imú kàn án lẹ́ẹ̀kan, ó sín, ó kọjú sí ọ̀nà Inísà.

Bàbá mi gbọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Omi bọ́ lójú tèmi náà, ṣùgbọ́n n kò rẹ́rìn-ín.

Ẹlòmíràn ì bá gbé ọkọ́. Ẹ̀yin lọ gbin imí-eṣú sínú garawa! Ẹ tò wọ́n síwájú ilé yín ní Ìkìrun, ẹ fún ọ̀kan ní ìgbẹ́ màlúù, ẹ fún èkejì ní eérú, ẹ febi pa ẹ̀kẹta. Àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í gba ibòmíràn kọjá.

“Àbẹ̀kẹ́,” lẹ wí fún mi, “wọ̀bìà yìí gbọ́n. Bó bá róúnjẹ, a fi sanra. Bí kò bá rí, a yára so kó tó kú. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó jẹ ṣì wà lára rẹ̀. Kò lẹ́sẹ̀ tí yóò fi gbé e sá lọ.”

Mo ní ṣé ohun tí ẹ fẹ́ lọ sọ fún bàbá mi nìyẹn.

Ọjọ́ ọ̀wẹ̀ àna wá pé. Ọkọ́ ni àwọn àna mìíràn gbé lọ́wọ́ wá. Ẹ̀yin àti ọ̀rẹ́ yín méjì ń ti kẹ̀kẹ́ bọ̀, omi dúdú ń kán láti inú àpò tí ẹ dì sẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Ẹ ti fa imí-eṣú tu kó tó so, ẹ pò ó mọ́ ìgbẹ́ màlúù nínú kòtò títí ó fi jẹrà.

Bàbá mi figbe ta. “Ẹ gbà mí o! Mo ní kó wá bá mi kó koríko kúrò lóko, ó tún ń ru koríko bọ̀!”

Ẹ dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀, ẹ ní kí wọ́n sáà fún yín ní aporo díẹ̀ lórí ilẹ̀ tó ti ṣá, kí ẹ fi gbin àgbàdo ọ̀wààrà. Èmi ni mo bá yín fọwọ́ tẹ́ imí-eṣú jíjẹrà náà sídìí àgbàdo. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń fi ọṣẹ dúdú fọwọ́.

Kí ọyẹ́ tó dé, àgbàdo yín ti ga ju bàbá mi lọ, ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣì ń wá ẹ̀mí. Màlúù kò sanra. Ìdí rẹ̀ nìkan ló kún díẹ̀. Bàbá mi dúró sáàárín àgbàdo.

“Ẹni tó lè gba oúnjẹ padà lẹ́nu imí-eṣú,” ni wọ́n wí, “ebi ò ní í pa ọmọ mi lọ́dọ̀ rẹ̀. Máa mú un lọ. Fi màlúù sílẹ̀.”

Ebi kò pa mí lọ́dọ̀ yín rí, Àkàndé. Òórùn ló pọ̀. Láti ọjọ́ náà ni kòtò kò ti kúrò lẹ́yìnkùlé wa: èèpo iṣu wọ̀ ọ́, eérú wọ̀ ọ́, bùbá mi kan tí ẹ ní ó ti gbó náà wọ̀ ọ́. N kò tíì dárí ti bùbá yẹn jì yín.

Lónìí, ilẹ̀ fẹ́ gbà yín lọ́wọ́ mi. Ó dùn mí dé eegun. Bí mo ti ń kọ èyí, mo ń gbọ́ ohùn yín pé ohun tí nǹkan bá jẹ ṣì wà lára rẹ̀. Ewé wo wá ni n ó fà tu, ọkọ mi, tí n ó fi rí yín gbà padà? Ẹ kò kọ́ mi ní ìyẹn.

Mo mọ̀ pé imí-eṣú ni yóò kọ́kọ́ hù lórí sàréè yín. Kò ní í jẹ́ kí ẹlòmíràn ṣáájú. Mo ti ní kí àwọn ọmọ fi í sílẹ̀ kó jẹun díẹ̀. Kó tó so, èmi fúnra mi ni n ó wá fà á tu, n ó gbé e lọ sínú kòtò yín, n ó fi gbin àgbàdo, n ó sì sun ún fún àwọn ọmọ-ọmọ yín.

Ẹ sùn re o, Àkàndé. Ẹ ṣì ń bọ́ wa.

Àbẹ̀kẹ́ yín