Ọwọ́ Tó Di Irun Solomiya

Ní abúlé wa lórí òkè, ó pẹ́ púpọ̀ tí kò fi sí ọmọbìnrin kan tó relé ọkọ láìjẹ́ pé ọwọ́ Hafiya kọ́kọ́ kan orí rẹ̀. Òun ni í ya irun ìyàwó sí méjì, òun ni í dì í, tí í ká a yí orí po, òun náà ni í fi abẹ́rẹ́ rán adé òdòdó mọ́ ọn. Adé tí Hafiya bá rán kì í yẹ̀. Ìyàwó lè jó títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, kí bàtà kan bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kí ọkọ gbé e sókè bí àpò ìyẹ̀fun, adé á jókòó síbẹ̀ bí onílé.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọwọ́ ló lè ṣe iṣẹ́ yìí. Obìnrin tí ọkọ àárọ̀ rẹ̀ wà láàyè, tí wọ́n sì ń gbé pọ̀ ní àlàáfíà, ni wọ́n ń pè. Opó kì í fọwọ́ kan adé ìyàwó. Kì í ṣe pé a kórìíra opó o. A ó fún un ní àga tó dára, a ó bu oúnjẹ rẹ̀ kún dáadáa, ṣùgbọ́n tó bá ti kan ti adé, kó jókòó sọ́hùn-ún kó máa wòran. Wọ́n ní ohun tó bá wà lọ́wọ́ ẹni ló ń ran orí ìyàwó.

Ilko, ọkọ Hafiya, agégẹdú ni. Ó jáde lọ sínú igbó láàárọ̀ ọjọ́ kan, igi sì wó lù ú. Lẹ́yìn tí wọ́n ṣe àdúrà ogójì ọjọ́ rẹ̀ tán, Hafiya wé abẹ́rẹ́ àti òwú pupa rẹ̀ sínú aṣọ, ó sì gbé e lọ fún Vasylyna, ọ̀dọ́ ìyàwó kan tí ọkọ rẹ̀ ń sin oyin.

"Gbà," ló wí. "Ọkọ rẹ wà láàyè, ẹnu rẹ sì mú. Ọwọ́ rẹ nìkan ló kù tó máa kọ́ ọgbọ́n."

Vasylyna fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó wá bú sẹ́kún. Hafiya kò sunkún ní tirẹ̀, ó ti sun tirẹ̀ tán.

Láti ọjọ́ náà, ohun méjì ló kù fún un. Èkíní ni ewé bávínọ́kì tó gbìn sí ẹsẹ̀ ọgbà rẹ̀, ewé wínníwínní tó ń dán, tí yìnyín kì í pa. Inú rẹ̀ ni gbogbo abúlé ti ń já ewé tí wọ́n fi ń rán adé. Bí àwọn obìnrin bá wá já a, Hafiya á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á káwọ́ sẹ́yìn, kí ọwọ́ náà má baà ṣèèṣì lọ síbẹ̀.

Ohun kejì ni orí Solomiya. Odarka, ọmọbìnrin Hafiya, ló bí Solomiya. Ọkọ Odarka, Stepan, ti bá ọ̀nà lọ, kò sì bojú wẹ̀yìn. Nígbà tí ọmọ náà pé ọdún márùn-ún, Odarka fúnra rẹ̀ lọ sí Ítálì láti máa tọ́jú àwọn arúgbó tí àwọn ọmọ wọn kò ráyè tiwọn, ó wá ku ìyá àgbà àti ọmọ ọmọ nìkan nílé. Ní àràárọ̀, Solomiya á jókòó sórí àpótí kékeré lẹ́yìn ilé, á kọ ẹ̀yìn sí ìyá àgbà rẹ̀, á sì máa pariwo pé òun ti pẹ́ fún ilé ìwé. Irun ọmọ náà nípọn, ó ń yọ̀ bí ẹja, ó sì yí po lójú méjì ní ìpàkọ́, apá kan ń fà sọ́tùn-ún, apá kejì ń fà sósì. Hafiya mọ bí wọ́n ṣe ń tàn án. Bó bá dì í tán, á fọwọ́ lu àtàrí rẹ̀ jẹ́jẹ́, á ní, "Ó parí. Sáré lọ." Ọmọ á fò dìde, ilẹ̀kùn ọgbà á sì dún gbà lẹ́yìn rẹ̀.

Ọmọ kì í wà ní kékeré títí. Solomiya dàgbà, Lukyan tó ń wa ọkọ̀ gẹdú wá tọrọ rẹ̀, ìdílé méjèèjì sì gbà.

"Ìyá àgbà, ẹ̀yin lẹ máa dirun mi," ni Solomiya wí.

Hafiya ń gé kábéèjì lọ́wọ́. "Vasylyna ló máa dì í."

"Vasylyna kò mọ orí mi."

"Orí ni gbogbo orí ń jẹ́. Á mọ̀ ọ́n."

"Ṣebí ojoojúmọ́ lẹ̀ ń dì í!"

"Ojoojúmọ́ kì í ṣe ọjọ́ ìgbéyàwó." Ọ̀bẹ Hafiya kò dúró. "Mo ti jẹ ìyà tèmi, Solo. Mi ò ní fi ìyókù rẹ̀ kàn ọ́ lórí."

Kò sí ohun tó wù ú bíi kó di irun yẹn. Ó fẹ́ràn ọmọ náà débi pé ẹ̀rù ọwọ́ ara rẹ̀ ń bà á.

Odarka dé láti Ítálì pẹ̀lú àpò ńláńlá, ó sì mú adé òdòdó oníke kan wá láti ṣọ́ọ̀bù. Hafiya yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.

"Ó dára," ló wí. "Màlúù kò tiẹ̀ ní jẹ ẹ́."

"Màámi, ẹ̀yin àti ẹnu yín!"

Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn obìnrin pé sínú ilé láti rán adé gidi. Ewé bávínọ́kì ni wọ́n ń tò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí ọ̀já aṣọ pupa, wọ́n á wá fi òdòdó inú oko há a láàárín. Orin ni wọ́n fi ń rán an, wọn kì í sì í ta kókó sí òwú, kí kókó má baà sí lọ́nà ìyàwó. Hafiya jókòó síta lábẹ́ fèrèsé, ó ń fi ewé kábéèjì wé ìrẹsì àti ẹran, etí rẹ̀ wà nínú ilé.

"Ewé yìí ń bọ́ o!" ni Vasylyna ń wí. "Bí mo ṣe ń fi ọ̀kan sí i ni èkejì ń sá."

Hafiya pa ẹnu mọ́ títí, kò lè pa á mọ́ mọ́. Ó kọrin láti ìta, bí ẹni tí kò bá ẹnikẹ́ni wí:

"Òwú pupa, má ta kókó,
gba abẹ́ ewé kejì padà.
Vasylyna, aya olóyin,
fà á díẹ̀, má fà á já."

Ẹ̀rín pa àwọn obìnrin. Vasylyna yọ orí síta. "Ìyá Odarka, ṣé orin nìyẹn àbí àṣẹ?"

"Orin ni. Ta ló ní kí opó má kọrin?"

Báyìí ni wọ́n ṣe rán an, tó sì dára. Hafiya wò ó láti ẹnu ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀.

Láàárọ̀ Sọ́ńdè, Vasylyna dirun ìyàwó, ó rán adé mọ́ ọn. Solomiya wá kúnlẹ̀ síwájú ìyá rẹ̀ láti gba ìre. Bó ṣe tẹrí ba nígbà kejì, ìpàkọ́ rẹ̀ tú, adé sì yọ̀ gẹ̀rẹ̀, ó bọ́ sílẹ̀.

Adé tó bọ́ kí ìyàwó tó dé ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnikẹ́ni kì í fi ẹnu sọ ohun tó túmọ̀ sí.

"Èyí kì í ṣe irun," ni Vasylyna wí. "Ejò ni!"

Solomiya mú adé rẹ̀ nílẹ̀, ó gba ẹ̀yìn ilé jáde. Hafiya wà níbẹ̀, ó ń da ọkà fún àwọn adìyẹ tó ti jẹun yó. Solomiya fa àpótí kékeré àtijọ́ yẹn, ó kó yẹ̀rì funfun rẹ̀ jọ, ó jókòó, ó sì kọ ẹ̀yìn sí i.

"Ìyá àgbà, mo ti pẹ́ fún ilé ìwé."

Hafiya ki ọwọ́ bọ abẹ́ épírọ́ọ̀nù rẹ̀. "Dìde. Aṣọ rẹ á dọ̀tí."

"Mi ò dìde."

"Adé ti bọ́ lẹ́ẹ̀kan, Solo. Ṣé kí n wá fi ọwọ́ opó lé e ni?"

Odarka ti tẹ̀ lé ọmọ rẹ̀ jáde. "Màámi," ló wí, "ta ló rán adé tèmi?"

"Èmi ni. O mọ̀."

"Bàbá ńkọ́ nígbà yẹn?"

"Ó wà láàyè. Ó fara pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń mu ọtí àwọn àlejò."

"Ọwọ́ yín mọ́ nígbà yẹn, kò ní àbùkù kankan. Adé mi ò mì títí gbogbo èèyàn fi lọ sílé. Ṣé ó dá Stepan dúró?"

Hafiya túbọ̀ ki ọwọ́ rẹ̀ bọ abẹ́ épírọ́ọ̀nù.

"Ọwọ́ oríire lẹ fi di tèmi, ẹ sì rí bó ṣe rí. Ọwọ́ opó lẹ fi ń di ti ọmọ mi láàárọ̀ gbogbo, nígbà tí èmi ń wẹ̀ fún ìyá ẹlòmíì ní Ítálì." Odarka nawọ́ sí orí Solomiya. "Ẹ wò ó, Màámi. Kí ló ṣe é?"

Hafiya wò ó. Ó wo ọrùn tínínrín yẹn, ó wo àpá kékeré tó wà lẹ́yìn etí, èyí tó gbà nígbà tó jábọ́ lórí igi. Kò sí ohun mìíràn tó ṣe orí náà ju pé ó dàgbà lọ.

"Ẹ ṣàánú mi, Ìyá Odarka," ni Vasylyna wí lẹ́nu ọ̀nà. "Àlùfáà ti ń retí wa. Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín, ẹ ní èmi ni mo dì í. Mo kúkú fẹ́ràn ìyìn."

Hafiya fọ ọwọ́ rẹ̀ nínú omi adìyẹ, kò tiẹ̀ mọ̀. Ẹ̀rù kò kúrò lára rẹ̀, ó kàn ń bá ẹ̀rù náà ṣiṣẹ́ ni. Ó ya irun sí méjì. Ó mú apá tó ń fà sọ́tùn-ún, ó fi gba òsì. Ó mú ti òsì, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú àtàǹpàkò, ó dì í, ó ká a yí orí po. Vasylyna na abẹ́rẹ́ sí i, abẹ́rẹ́ Hafiya àtijọ́ yẹn. Ó rán adé náà mọ́ ọn láìta kókó kan. Ó wá fọwọ́ lu àtàrí ọmọ náà jẹ́jẹ́.

"Ó parí," ló wí.

Ọ̀rọ̀ tó kù kò jáde. Aago ṣọ́ọ̀ṣì ń dún nísàlẹ̀ òkè. Solomiya jókòó síbẹ̀, kò yíjú padà.

"Ẹ sọ ọ́ tán, ìyá àgbà. Bí ẹ ò bá sọ ọ́, mi ò ní lè dìde."

Hafiya fi ọwọ́ méjèèjì di èjìká rẹ̀ mú, omi ń dà lójú rẹ̀ wẹ̀rẹ̀wẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ó tú u sílẹ̀.

"Sáré lọ," ló wí.

Solomiya sì sáré, ó di yẹ̀rì rẹ̀ mú lọ́wọ́ méjèèjì. Ilẹ̀kùn ọgbà dún gbà lẹ́yìn rẹ̀, adé òdòdó kò sì mì lórí rẹ̀.